Àlejò Márùn-ún Kò Tíì Kọjá

Ní àfonífojì Aksu, lábẹ́ òkè Altai, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ ohun tí ojú ọjọ́ fẹ́ ṣe nínú oṣù kẹrin, ẹ di àpò yín mú, ó ní ohun tó fẹ́ tà fún yín. Oòrùn á ràn láàárọ̀, àwọn ọmọdé á bọ́ ẹ̀wù òtútù jù sílẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, atẹ́gùn á yíjú padà, yìnyín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n sílẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń ku èlùbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn tún lè yọ, kó máa wò yín bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Àmọ́ yìnyín kan wà tí gbogbo ará àfonífojì náà bẹ̀rù ju ti àárín òtútù lọ. Àlejò Márùn-ún ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní láyé àtijọ́, àwọn ọkùnrin márùn-ún kan jáde nílé nígbà tí ilẹ̀ ti ń gbẹ, tí koríko ti ń yọrí. Wọ́n kan ilẹ̀kùn ilé kan, onílé ní kò sí àyè. Wọ́n kan ti èkejì, onítọ̀hún ní oúnjẹ ti tán. Lóòótọ́ ni oúnjẹ máa ń tán nílé nígbà yẹn nínú ọdún, ṣùgbọ́n ahun ni ahun ń jẹ́. Yìnyín dé bá wọn lójú ọ̀nà, ó sì bo àwọn márààrún mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún, wọ́n ń padà wá. Lásìkò wọn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lé èèyàn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ì báà jẹ́ ọ̀tá ẹni ló dúró síbẹ̀. Wọn kì í sì í kúrò ní ibùdó ìgbà òtútù, wọn kì í ya ìhùùhù ewúrẹ́, àfi bí Àlejò bá ti kọjá.

Ìhùùhù yìí ni wọ́n ń jẹ, òun ni wọ́n ń mu. Abẹ́ irun gígùn ara ewúrẹ́ ló máa ń hù sí nítorí òtútù, ó rọ̀ bí òwú, àwọn oníṣòwò á sì máa wá rà á láti ọ̀nà jíjìn. Bí ìgbà ìrúwé bá wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, àwọn obìnrin á fi òòyà onírin yà á kúrò lára ẹran. Ewúrẹ́ tí a bá ti yà bẹ́ẹ̀, ìhòòhò ló wà. Bí oòrùn bá wà, kò sí wàhálà. Bí yìnyín bá bá a níta, ó parí.

Ta ló wá máa ń sọ fún wọn pé Àlejò ti kọjá? Beisen ni.

Beisen kì í ṣe ẹni ńlá kankan. Ẹran rẹ̀ kò pọ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń tiro, fìlà awọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń dé ti pá lórí ju orí òun fúnra rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré bí wọ́n ṣe ń wo òṣùpá tuntun àti àwọn ìràwọ̀ kan tó ṣù jọ bí ọmọ adìẹ lábẹ́ ìyá wọn. Urker ni orúkọ wọn níbẹ̀. Bí ìgbà ìrúwé bá dé, Beisen á jókòó sórí òkúta ẹ̀yìn ilé nírọ̀lẹ́, á máa wò títí òṣùpá tuntun á fi yọ, tí á sì dé ẹ̀gbẹ́ Urker. Bí wọ́n bá ti pàdé, yìnyín á dé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bó bá ti rọ̀ tán, á sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta, á ní, "Wọ́n ti kọjá," gbogbo àfonífojì á sì gbé òòyà.

Dalelkhan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé lókè odò, kì í fi í lọ́rùn sílẹ̀. "Beisen, bá mi bi àwọn ìràwọ̀ ẹ bóyá ìyàwó mi á se ẹran lónìí."

"Wọ́n ní kó o kọ́kọ́ pa ẹran ná, ahun."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọmọdé. Ṣùgbọ́n Dalelkhan tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ yìí kò jẹ́ fọwọ́ kan òòyà kí Beisen tó sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ilé Beisen. Erbol ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ìgbà tí òtútù ń wọlé, tí omi odò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì, Erbol ń da màlúù kọjá, omi dídì ya mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, odò sì gbé e lọ. Ìyá rẹ̀ ti kú ṣáájú. Ó wá ku Beisen, Zauresh ìyàwó ọmọ rẹ̀, àti ọmọbìnrin kékeré kan, Tursun. Àwọn ẹ̀gbọ́n Tursun méjì ti kú kí wọ́n tó bí i, ohun tí orúkọ tiẹ̀ sì ń sọ ni pé kó dúró. Bí àwa náà ṣe ń sọ ọmọ ní Málọmọ́ ni. Ọmọ yìí kì í sùn àfi tó bá di irùngbọ̀n bàbá bàbá rẹ̀ mú. Bó bá ti sùn lọ, Beisen ò ní mira, ọrùn á máa dùn ún, inú rẹ̀ á sì máa dùn.

Ní àárín òtútù, ẹ̀gbọ́n Zauresh gun ẹṣin dé láti òdìkejì òkè, ó ní kí àbúrò òun di ẹrù. Zauresh kò bá a lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí ẹṣin padà, ó wá jókòó síwájú bàbá ọkọ rẹ̀, ó wolẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Ewúrẹ́ wọ̀nyí ni Erbol fi sílẹ̀ fún wa. Tí wọ́n bá la ìgbà ìrúwé yìí já, mi ò lọ síbì kankan, ẹ̀yin lẹ máa fa Tursun fún ọkọ. Àmọ́ tí wọ́n bá kú, kí ni màá fi bọ́ ọ? Màá mú un lọ sílé wa."

"Mo gbọ́, ìyàwó," ni Beisen wí.

Láti ọjọ́ náà ni adìẹ ti bà lókùn. Beisen á jí ní kùtù, á lọ sínú ọgbà ẹran, á máa fọwọ́ kan ewúrẹ́ lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa bá wọn sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe mí báyìí. Ẹ̀rù ń bà á bíi ti ọmọdé tó rí i pé ìyá òun ń múra ọjà. Zauresh kò tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà mọ́. Tíì ló ń bù fún un láràárọ̀ bó ti yẹ, tíì oníyọ̀ àti wàrà, ìlàjì abọ́, kó lè gbà á padà, kó tún un bù. Níbẹ̀, abọ́ tó bá kún dé etí, ọ̀rọ̀ ni: mu ún, kó o máa lọ. Zauresh kò bu abọ́ kíkún fún un rí.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, yìnyín kan rọ̀. Ó rọ̀ bí ọjọ́ mẹ́ta, kò le tó bẹ́ẹ̀, ó sì dá. Oòrùn tó yọ lẹ́yìn rẹ̀ mú débi pé omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lábẹ́ gbogbo òkúta. Ìhùùhù ń tú fúnra rẹ̀ lára ewúrẹ́, ó ń há sára ẹ̀gún, atẹ́gùn ń gbé e lọ. Ojú àwọn obìnrin ń rí i, ọkàn wọn ń já. Ọkọ̀ akẹ́rù àwọn oníṣòwò sì ti dé ẹnu odò, wọ́n ti ránṣẹ́ pé àwọn ò ní pẹ́ yí padà, torí bí ẹrẹ̀ bá mú ojú ọ̀nà, ó di ìgbà ooru kí ọkọ̀ tó tún lè gòkè.

Zauresh wá bá Beisen lórí òkúta nírọ̀lẹ́.

"Bàbá, yìnyín ọjọ́sí yẹn, ṣé kì í ṣe àwọn nìyẹn?"

"Àwọn wo?"

"Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀. Àwọn Àlejò. Dalelkhan ní òun ò rántí ọdún tí irú ẹ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì."

"Dalelkhan? Ṣé ẹni tí kò rántí ibi tó bọ́ bàtà ẹ̀ sí láàárọ̀?"

Zauresh bú sẹ́rìn-ín. Beisen kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́ láti ìgbà tí Erbol ti bómi lọ, ó tiẹ̀ ti gbàgbé bó ṣe ń dún. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ó ti wo ojú ọ̀run kí obìnrin náà tó dé. Urker wà níbẹ̀ níwọ̀ oòrùn, òun nìkan. Òṣùpá tuntun kò tíì yọ rárá, ká tó máa sọ pé ó dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé Àlejò ò tíì wá. Ó mọ̀ ọ́n bí ó ṣe mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá padà lọ láìra ìhùùhù wọn, kí ni Zauresh máa fi bọ́ Tursun nílé yìí?

"Bàbá, ṣé wọ́n ti kọjá?"

Beisen tẹjú mọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Wọ́n ti kọjá," ló wí.

"Ṣé lóòótọ́?"

"Mo ní wọ́n ti kọjá, ìyàwó. Lọ mú òòyà."

Ẹyin lohùn. Zauresh sọ fún Mama Bibish, opó àgbàlagbà tó ń gbé nítòsí wọn, Mama Bibish sọ fún àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀, àwọn yẹn ké sí òdìkejì odò. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, kò sí ilé tí wọn ò ti so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, tí wọn ò sì ti máa yà á. Dalelkhan gun ẹṣin wá pẹ̀lú ìhùùhù lára gbogbo aṣọ.

"Beisen! Àwọn àlejò ẹ tọdún yìí mà yára o! Wọn ò tiẹ̀ jókòó mu tíì!"

"Wọ́n gbọ́ pé ilé ẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ yà sí, ni wọ́n ṣe sá."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Beisen náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ n sọ tinú mi. Èmi ò lè bínú sí i nítorí pé ó parọ́ fún Zauresh. Ẹni tí ilé rẹ̀ fẹ́ dahoro, kò sí ohun tí ẹnu rẹ̀ ò lè sọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni àárọ̀ yẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, ewúrẹ́ tirẹ̀ kò tíì tán ní yíyà, ọ̀rọ̀ kan péré ì bá gba ìdajì wọn là. Ẹ̀fẹ̀ ni Beisen fi dá a lóhùn.

Wọ́n ya ìhùùhù tán, wọ́n kó ìhùùhù sọ̀kalẹ̀ lọ bá ọkọ̀. Wọ́n kúrò ní ibùdó ìgbà òtútù tí ilé ẹran rẹ̀ lórùlé, wọ́n lọ pàgọ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè níbi tí koríko ti kọ́kọ́ ń yọ. Àgọ́ onígi tí wọ́n fi aṣọ irun bò ni wọ́n ń gbé níbẹ̀, irun àgùntàn tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ títí ó fi nípọn bí ẹní. Ẹran ò ní ju ọgbà òkúta lọ, kò sì sí nǹkan kan lórí rẹ̀ bí kò ṣe ojú ọ̀run.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Beisen gbójú sókè, ó rí òṣùpá tuntun. Ó tín-ín-rín bí èékánná ọmọ ọwọ́, ẹ̀gbẹ́ Urker gan-an ló sì dúró sí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run pé kí ọdún yìí nìkan yàtọ̀, kí bàbá òun ti ṣìṣe, kí gbogbo àwọn baba ńlá òun jẹ́ òpùrọ́.

Òjò ló kọ́kọ́ dé. Òun ló burú jù, torí òjò ló rin ewúrẹ́ dé egungun. Lẹ́yìn ọ̀sán, atẹ́gùn yí wá láti òkè, ó tutù bí ojú ọ̀bẹ, omi ara ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í dì lára wọn, ó ń dún ṣakaṣaka bí wọ́n ṣe ń rìn. Ìgbà náà ni yìnyín wá. Kò fọ́n, kò balẹ̀, gbalaja ló ń sáré kọjá, funfun, débi pé èèyàn ò rí ọwọ́ ara rẹ̀.

"Bàbá!" ni Zauresh ń pariwo láti inú ọgbà. "Wọ́n ń gun ara wọn! Ẹ bá mi fà wọ́n!"

Òtútù ti kó ewúrẹ́ jọ sí igun kan. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń gun àwọn tó wà níwájú, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ò lè mí. Àwọn méjèèjì ń fà wọ́n kúrò, bí wọ́n bá fa ọ̀kan, méjì mìíràn á gùn ún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn wọ àgọ́, àwọn abiyamọ ṣáájú, lẹ́yìn náà èyíkéyìí tí ọwọ́ bá bà. Inú àgọ́ kún títí kò fi sí ibi tí wọ́n lè tẹ̀. Tursun wà lórí ibùsùn láàárín àwọn ọmọ ewúrẹ́, ó fi aṣọ kan bo gbogbo wọn, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n sùn, Bàbá ń bọ̀.

Èyí tó kù níta, wọ́n fi ohun gbogbo bò wọ́n. Ẹní, aṣọ ìbora, àpò ìyẹ̀fun. Zauresh fa ẹ̀wù onírun Erbol yọ nínú àpótí, ó dì í mú sáyà fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó so ó mọ́ abo ewúrẹ́ aṣíwájú, ó fi okùn dì í lábẹ́ ikùn. Wọ́n ń gbọ́ igbe láti àgọ́ Mama Bibish. Beisen ní òun á lọ síbẹ̀, kò rìn jìnnà tó fi ṣubú, ọwọ́ ló fi tọ́ ògiri ọgbà padà wálé. Lẹ́yìn náà wọn ò gbọ́ igbe kankan mọ́ láti ọ̀hún.

Ẹran tó bá kú fúnra rẹ̀, Mùsùlùmí ò lè jẹ ẹ́. Nítorí náà, Beisen fa ọ̀bẹ yọ. Èyí tó bá ti rí i pé kò ní lè dìde mọ́, á kúnlẹ̀ tì í, á ní Bísímílá, á dú u. Bó ṣe ń ṣe é láti àárọ̀ ọjọ́ kejì nìyẹn. Ó mọ ìyá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ kú, kò mọ̀ mọ́ bóyá ọ̀bẹ ṣì wà nínú rẹ̀, Zauresh sì wá fà á lápá wọ inú àgọ́.

Wọ́n jókòó sí ẹ̀bá ààrò láàárín ẹran. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n inú àgọ́ ṣú. Èéfín ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ tí wọ́n fi ń dáná ń ta wọ́n lójú.

"Ìyàwó."

"Bàbá."

"Mo mọ̀."

"Kí lẹ mọ̀?"

"Òṣùpá ò tíì yọ lọ́jọ́ tó o bi mí. Mo mọ̀ pé wọn ò tíì kọjá. O rẹ́rìn-ín, mo sì... Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Zauresh ń fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn ọmọ ewúrẹ́ kan tó gbé lé itan, kò dáwọ́ dúró.

"Mo rí i pé ẹ ò wòkè," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ kì í sọ̀rọ̀ Àlejò kí ẹ má wòkè. Bàtà yín lẹ ń wò. Mo rí i, Bàbá, mo sì lọ mú òòyà, torí mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Beisen fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀! Mama Bibish ò rí bàtà yín. Ohun tí mo sọ fún un nìkan ló gbọ́. Mo lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹnu mi yìí, mo ní Bàbá ní wọ́n ti kọjá. Ó gbàdúrà fún mi!"

Ó dìde, ó gbé ìkòkò tíì, ó sì bù ú sínú abọ́ Beisen. Ó ń bù ú títí ó fi dé etí, títí ó fi ṣàn sí ìka ọwọ́ ọkùnrin náà.

"Ẹ mu ún," ló wí.

Beisen mu ún. Tíì ń jó o lọ́wọ́, omijé ń bọ́ sínú abọ́, kò sì dá a nù.

Nígbà tí ìjì náà dá, oòrùn yọ bí ẹni tó lọ kí ará ilé kan tó sì dé. Ojú ọ̀run mọ́ rekete. Èyí tó wà nínú àgọ́ yè. Nínú àwọn tó wà lọ́gbà, ìwọ̀nba ló dìde, abo ewúrẹ́ tó wọ ẹ̀wù Erbol wà lára wọn. Àwọn yòókù dùbúlẹ̀ bí wọ́n ṣe gun ara wọn. Zauresh wò wọ́n, kò sunkún. Ó wọlé, ó tẹ́ ìborùn kan sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ Tursun lé e. Ó dì í, ó gbé ẹrù náà sẹ́nu ọ̀nà. Beisen rí ẹrù náà, ó sì rí fún un bí ìgbà tí wọ́n wá sọ fún un pé odò ti gbé Erbol.

Ibi tó dúró sí ló ti rí wọn lókèèrè, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú yìnyín bọ̀. Márùn-ún ni wọ́n. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn ló tó mọ̀ wọ́n: Dalelkhan àti àbúrò rẹ̀, Mama Bibish àti àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ méjèèjì. Òtútù ti sun wọ́n lójú dúdú.

Wọ́n wọlé, wọ́n sì fi Mama Bibish sí ọ̀kánkán ẹnu ọ̀nà níbi tí àgbà ń jókòó. Zauresh tẹ́ aṣọ oúnjẹ, ó gbé búrẹ́dì sí i.

"Tèmi tán," ni Mama Bibish wí. "Gbogbo ẹ̀. Ọmọ ewúrẹ́ kan ò kù."

"Beisen," ni Dalelkhan wí. "A ti rò ó títí bí a ṣe ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wá lọ́dún yìí, àbí? Ayé ló ti bàjẹ́. Nǹkan tí àwọn bàbá wa mọ̀, ó ti ń yí padà. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ. Sọ fún Mama pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wá, kí ọkàn wa lè balẹ̀, ká lè mọ bá a ṣe máa ṣe lọ́dún tó ń bọ̀."

Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, gbayawu. Kò ju kó mi orí lọ. Zauresh dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ń wò ó. Tursun ti wá jókòó sórí itan rẹ̀, ó nawọ́ di irùngbọ̀n rẹ̀ mú.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n wá," ni Beisen wí. "Èyí ni. Ti àkọ́kọ́ yẹn, yìnyín lásán ni. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì ní wọ́n ti kọjá."

"O mọ̀?" ni Dalelkhan wí. "Lọ́jọ́ tí mo gun ẹṣin wá bá ẹ? Tí mo bá ẹ ṣeré?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé? Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

Beisen ì bá sọ pé ìyàwó ọmọ òun ló bi òun, ì bá sọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti ẹrù tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

"Tinú mi ni. Ẹ̀rù ara mi ló bà mí."

Dalelkhan dìde. Ní Aksu, bó ti wù kí àlejò máa kánjú tó, bó ti wù kó yó tó, kò ní jáde nílé láìfọwọ́ kan búrẹ́dì, kó bu èérún rẹ̀ sẹ́nu. Ẹni tó bá jáde láìtọ́ ọ wò, ó ti sọ fún onílé pé kò sí nǹkan kan láàárín wọn mọ́. Dalelkhan wo búrẹ́dì náà, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ àbúrò Mama Bibish tẹ̀ lé e. Ó wá ku ìyá àgbà náà. Zauresh gbé búrẹ́dì dání lọ́wọ́ méjèèjì, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́."

Mama Bibish fọwọ́ kan Zauresh lórí.

"Ọmọ mi, kò ní lọ lọ́nà ọ̀fun mi," ló wí, ó sì jáde.

Wọ́n gbọ́ bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń wọ inú yìnyín títí ó fi jìnnà. Beisen ò lè gbójú sókè. Ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa bi òun mọ́ láéláé bóyá Àlejò ti kọjá, pé Dalelkhan ò ní gun ẹṣin wá ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹrù Tursun ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń dúró kí Zauresh sọ pé ó ti tó àkókò.

Zauresh gbé búrẹ́dì padà sórí aṣọ. Ó bu díẹ̀ fún Tursun, ó bu díẹ̀ sẹ́nu ara rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ẹnu ń dùn ún. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ gba abọ́ Beisen, ó gbé ìkòkò tíì.

Ó bù ú dé ìlàjì, ó dáwọ́ dúró. Beisen ń wò ó, ó ń retí kó kún un. Zauresh gbé ìkòkò sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ náà fún un.

"Ẹ mu ún kó tó tutù, Bàbá," ló wí. "Màá tún bu òmíràn fún yín."